Ọgbẹ́ Inú Tí Mo Fi Purọ́

Ẹ má kí mi kú ìrọ́jú. Kò sí ohun tí mo rọ́jú sí. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi tán tí ẹ sì ṣépè fún mi, ẹ ò ní jẹ̀bi, torí èmi alára ti ṣépè fún ara mi títí ó fi sú mi.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé ni mò ń lò ní ilé ìtẹ̀wé kan. Agéwèé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Káàdì o, kàlẹ́ńdà o, ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ nǹkan sí o, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ọ̀bẹ mi kọjá kó tó rí ìta. Ìyàwó mi, tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, àwa méjèèjì la kù tí à ń wo ojú ara wa.

Ojú tí à ń wò náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún wò. Ẹnu ìyàwó mi mú bí abẹ, tèmi náà ò sì kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní obìnrin náà ò tọ́jú mi, irọ́ ni mo pa. Ó mọ oúnjẹ sè, láti ọjọ́ tí mo sì ti gbé e níyàwó, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ rí kí n tó wọlé.

"Mi ò lè dá jókòó kí n máa jẹun bí opó," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ní ọ̀kánkán ilé ìtẹ̀wé wa, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta oúnjẹ. Ọlọ́bẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí, wọ́n ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Ẹja díndín tirẹ̀, inú ata ló máa ń rì sí, epo á máa dán lórí rẹ̀. Èèyàn á jẹ ẹ́, á máa fọn ikun, á sì tún ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Agéwèé, ṣé ìyàwó yín kì í se oúnjẹ ni? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n."

"Ìyàwó wo? Tíṣà ni," mo ní. "Ìwé ló mọ̀ ọ́n sè."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi. Nítorí ẹ̀rín lásán ni mo ṣe kọ́kọ́ ta ìyàwó mi, n ò ní í parọ́ fún yín.

Nígbà tó yá, mo sọ fún Ọlọ́bẹ̀ pé èmi àti ìyàwó mi ti kọ ara wa. Kò pẹ́ sí i ni mo kúrò lórí bẹ́ǹṣì, tó di pé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ tèmi lọ. Ẹ má bi mí léèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo mẹ́rin la máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Agogo méje ààbọ̀ ni mo wá ń délé, pẹ̀lú ikùn tó yó fọ́fọ́.

"Dádì, oúnjẹ yín ti tutù."

"Kò wù mí jẹ."

"Kò wù yín lánàá, kò wù yín níjẹta. Ṣé ẹnu yín ni ò dáa ni, àbí ọwọ́ mi?"

"Tíṣà, ibí kì í ṣe kíláàsì. Má bi mí ní ìbéèrè."

"Ó dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Màá rí i."

Ó sì gbé àwo tirẹ̀ àti tèmi padà sí kíṣìnì. Ìkòkò dún gbà-gbà-gbà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá wá a, yóò rí i lóòótọ́. Mo ní láti wá nǹkan sọ.

Àlàyé náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi níbi iṣẹ́. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń rán ìwé pọ̀, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ la sọ ọ́, torí bó ṣe ń jẹun. Ó ní ọgbẹ́ inú. Ní gbogbo wákàtí mẹ́ta, bàbá yìí á ṣí agolo rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, á jẹ ìrẹsì bíńtín tí kò ní ata, á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, á pa agolo dé. Kì í mu kọfí, kì í mu ọtí, kì í jẹ kí ebi pa òun. Èmi ni mo máa ń pè é ní ọmọ ọwọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ kan ló mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá bá mi. Etí rẹ̀ ti ń ya.

"Agéwèé, bá mi gé etí ẹ̀ kó gún, kí o sì fi ọ̀rá bò ó. Ibẹ̀ ni dókítà kọ gbogbo nǹkan tí mo gbọdọ̀ ṣe sí."

Mo ka káàdì náà. Kí ó máa jẹun lásìkò, kó máa jẹ ẹ́ níwọ̀n. Kó má fi ẹnu kan ata, ọtí àti sìgá. Kó má dùbúlẹ̀ kété tó bá jẹun tán, kó dúró tó wákàtí mẹ́ta. Kó má lo oògùn ara ríro àyàfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn oògùn tó ń lò.

Bí mo ṣe ń kà á, èṣù ń kà á pẹ̀lú mi. Mo gbé káàdì náà sábẹ́ ọ̀bẹ, mo gé apá òkè tí orúkọ àti ọjọ́ orí bàbá náà wà kúrò bí ẹni gé èékánná, mo sì jù ú sínú àpò ìdọ̀tí. Mo fi ọ̀rá bo ìyókù. Ó ń dán gbinrin.

"Bàbá, ẹ má bínú," mo ní, "ẹ̀rọ jẹ káàdì yín."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wo èmi.

"Ẹ̀rọ tí kò jẹ ìka ẹ láti ọdún mẹ́rìnlá, káàdì tèmi ló wá jẹ?"

"Ṣé ẹ ní mo purọ́ ni?"

"Mi ò sọ pé o purọ́. Mo ní kí Ọlọ́run bá ọ ṣọ́ ìka ẹ."

Ó yí padà, ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi káàdì sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀ pé ìyàwó mi máa fọ̀.

Mo wà lórí àga ní pálọ̀ nígbà tó jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ rin gbingbin, káàdì wà láàárín ìka méjì.

"Dádì, ta ló ní ọgbẹ́ inú?"

Mo di ikùn mú, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ ọ́ lára. "Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Mi ò fẹ́ kó o dààmú."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìdí tí ẹ ò fi ń jẹun nìyẹn! Ẹ̀yin ń jẹ̀rora, èmi ń bá yín jà nítorí àwo oúnjẹ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ojú tì mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn pé ó ti gbà á gbọ́.

Bí tíṣà bá ń tọ́jú èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá onítọ̀hún ṣàánú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, tàìmù-tébù ti wà lára ògiri kíṣìnì, èyí tó fi ìlà sí dáadáa. Agogo mẹ́fà ààbọ̀, oògùn. Agogo méje, oúnjẹ. Agogo mẹ́wàá, nǹkan díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ó kó gbogbo ata nílé fún aládùúgbò. Ó gbé kọfí mi sọnù. Ó mú káàdì lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó sì kó oògùn bọ̀ wálé.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ máa fi lo àwọn tó ń pa kòkòrò tó ń dá ọgbẹ́ sínú yìí," ó ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ fo ẹyọ kan. Bí ara bá tù yín lọ́jọ́ kẹta, ẹ má dá a dúró o, kòkòrò náà á kàn tún gbára jọ ni. Èyí tó ń dín omi kíkan inú kù, ẹ máa lò ó kí ẹ tó jẹun."

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó dúró tì mí kí n gbé e mì. Mo fi í sábẹ́ ahọ́n, mo lọ tu ú sínú kòtò ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kó jẹ́ kí n máa kó wọn lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo dà sínú àpò tí à ń kó àjákù ìwé sí. Oògùn gidi ni o. Obìnrin náà fi owó oṣù rẹ̀ rà á.

Lójoojúmọ́, bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá lù, oúnjẹ mi á ti wà lórí tábìlì, láìsí ata, tí wọ́n ti sè títí tó fi rọ̀. Èmi á wà nínú yàrá Ọlọ́bẹ̀, màá máa lá ìka. Bí mo bá délé, màá di ikùn mú, màá ní inú ń ta mí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni mo lè mu.

"Ìwọ jẹ tìẹ," màá wí.

"Bí ẹ ò bá lè jẹ ẹ́, ọ̀nà ọ̀fun wo ni kí tèmi gbà kọjá?"

Yóò bo àwo méjèèjì, yóò lọ sùn pẹ̀lú ebi. Ní ilé ìwé pàápàá, kò jẹun mọ́. Ó ní òun ò lè máa jẹun níbẹ̀ nígbà tí òun ò mọ̀ bóyá mo rí nǹkan jẹ. Orí wá ń fọ́ ọ. Ariwo àwọn ọmọ kíláàsì, ebi, àti àìsùn. Hóró méjì oògùn orí fífọ́ láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, lórí inú òfìfo. Ojú mi ló ṣe ń gbé e mì. Mo mọ̀ pé káàdì sọ pé kí ọlọ́gbẹ́ inú sá fún irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, èmi ni ọlọ́gbẹ́ inú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kọ́là aṣọ rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Bó bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ọwọ́ òsì á wà lórí ikùn, á dì í bí ẹ̀ṣẹ́.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan. Aláìsàn kan ti tó nínú ilé kan."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan nínú oògùn yín, èyí tó ń dín omi kíkan kù. Ó ń jó mi níbí bí iná."

Níbo ni kí n ti rí i? Àjákù ìwé ti gbé e lọ. Mo fi ìbínú bo ojú mi.

"Oògùn tí wọ́n kà fún èèyàn, a kì í pín in! Ìwọ tó o máa ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́, o ò mọ̀yẹn?"

"Ẹ má bínú," ó ní. Ó di àga mú, ó dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta pákó wá kí wa lọ́jọ́ kejì. Onípákó ò fẹ́ràn mi láti ìgbà tí mo ti ń tọ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì fi pa mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo èmi, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ta ni aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ọkọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán yìí? Ìwọ tí ara rẹ le wá ń gbẹ bí igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Irú àìsàn wo lọkọ ń ṣe tó jẹ́ ìyàwó ló ń rù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ta pákó yín," mo ní. "A ò ránṣẹ́ pè yín."

"Màá ta pákó mi. Pákó tí màá fi kan pósí fún irọ́ rẹ, mo ti yà á sọ́tọ̀."

Ìyàwó mi ló dìde láàárín wa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀! Ara rẹ̀ ò yá. Bí ẹ ò bá lè bá a kẹ́dùn, ẹ máa lọ." Ó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nítorí mi. Nígbà tó tilẹ̀kùn tán, ó fara ti ògiri, ó ń mí gúlegúle.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mò ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́. Ó jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, báàgì ilé ìwé wà léjìká rẹ̀.

"Dádì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ìgbẹ́ yín máa ń dúdú?"

"Dúdú báwo?"

"Bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, òórùn rẹ̀ sì ṣàjèjì. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa àìsàn inú, ni mo ṣe ní kí n bi yín. Ṣé kí n lọ sí ọsibítù?"

Mo ro ó lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé ọsibítù, yóò sọ pé ọkọ òun ló kọ́kọ́ ní irú ẹ̀. Wọ́n á ní kó mú ọkọ wá. Wọ́n á yẹ̀ mí wò, àṣírí á tú.

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀," mo ní, mo ń so okùn bàtà mi. "Tèmi náà ti dúdú títí, kò pa mí. Nǹkan tó o jẹ ni."

Ojú rẹ̀ tú ká. "Ẹ ṣeun, Dádì. Ẹ̀rù ti ń bà mí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, mo wà lọ́dọ̀ Ọlọ́bẹ̀, orí ẹja wà lọ́wọ́ mi. Fóònù mi dún. Ọ̀gá ilé ìwé ìyàwó mi ni.

"Ẹ̀yin ni ọkọ tíṣà kíláàsì kẹta? Ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù kíákíá. Ó ṣubú lulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bì."

Ohùn ọ̀gá náà ròkè, Ọlọ́bẹ̀ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyàwó wo ló ń bi ẹ̀jẹ̀?" ó ní. "Ẹ ò ní ẹ ti kọ ara yín?"

Mo nu ọwọ́ mára ṣòkòtò, mo sáré jáde.

Onípákó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ti fa omi sí i lọ́wọ́. Nǹkan tó bì wà nínú báàfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pupa, ó tún ní ègé dúdú dúdú nínú. Dókítà obìnrin kan yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin lọkọ? Oògùn wo ló máa ń lò?"

"Ti orí fífọ́ ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó máa ń jẹun kó tó lò ó?"

"Orí inú òfìfo ni."

"Oògùn yẹn máa ń bó ara ikùn, pàápàá fún ẹni tí ebi ń pa," dókítà wí. "Ibi tó bá ti bó, omi kíkan inú á máa jẹ ẹ́ lọ títí yóò fi kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣé kò sọ fún yín pé ìgbẹ́ òun dúdú?"

Ìgbà náà ni ìyàwó mi la ojú. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Dókítà, ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná. Ọkọ mi ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Òun ló kọ́kọ́ ní in. Káàdì rẹ̀ wà nínú báàgì mi, mo máa ń mú un káàkiri, bóyá inú lè run ún lójijì."

"Kò pọndandan," mo ní, mo sì na ọwọ́ sí báàgì náà.

Onípákó gbá ọwọ́ mi mú. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé pákó, ẹ má jẹ́ kó di ọwọ́ yín mú o. Ó fi ọwọ́ kejì yọ káàdì jáde, ó gbé e fún dókítà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," dókítà ní. "Kòkòrò rẹ̀ lè ran ara ilé. A máa yẹ ẹ̀yin méjèèjì wò."

Ó ka iwájú káàdì. Ó yí i padà.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń gé ìwé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé kí a wo iwájú, kí a wo ẹ̀yìn, ká tó fa ọ̀bẹ wálẹ̀. Èmi wo iwájú nìkan. Nọ́ńbà aláìsàn wà lẹ́yìn káàdì rekete.

"Níbo lẹ ti rí èyí?" dókítà béèrè.

"Tèmi ni."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

"Ẹni tó ni nọ́ńbà yìí ti lé ní ọgọ́ta. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti wá gba káàdì tuntun lọ́wọ́ wa, ó ní ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ òun ló jẹ ti àkọ́kọ́."

Onípákó sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ wò bóyá ó ti kan.

"Ata," ó ní. "Ẹja àti ata. Àbúrò mi ń bi ẹ̀jẹ̀, ata ń rùn lẹ́nu rẹ!"

Mo retí kí ìyàwó mi bú mi. Mo retí kó bi mí pé ta lobìnrin náà. Kò bi mí.

"Ìgbẹ́ dúdú ńkọ́?" ó ní.

Mo ń wo táìlì ilẹ̀.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o rí i rí?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, kò tíì pè mí ní "o" rí, bó ti wù kí ìjà wa le tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ.

"Rárá," mo ní. "Mi ò rí i rí."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Ike ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fà sí i lára. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé wa wá fún un lẹ́jẹ̀. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ náà wá, wọn ò gba tirẹ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ò jẹ káàdì yẹn," ó ní. "Mo rò pé ìwọ náà ní àìsàn yìí ni, tójú ń tì ọ́ nítorí gbogbo yẹ̀yẹ́ tó o fi mí ṣe. Mo ní kí n bò ọ́ láṣìírí. Ká ní mo mọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe ni, gọ́ọ̀mù ni ǹ bá fi lẹ ẹnu rẹ."

Ó dìde, ó lọ. Títí di òní, iṣẹ́ nìkan ló ń dà wá pọ̀. Ọlọ́bẹ̀ ní tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mo padà wá, ó gbé igbá omi ìfọbọ́ dání.

"Ẹsẹ̀ kan síwájú, mo dà á sí ọ lára. O ní ìyàwó rẹ kì í se oúnjẹ. Gbogbo àdúgbò ti wá ń sọ ọ́ báyìí pé èmi ni mo fẹ́ pa á!"

Ìyàwó mi ò kú. Ọlọ́run ló ṣe é, àti ọwọ́ dókítà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ láti ọsibítù. Ó lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, kòkòrò ti lọ. Kò jẹ́ fọwọ́ kan oògùn orí fífọ́ yẹn mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti ń sanra. Mo gbọ́ ọ ni, torí gbogbo ìgbà tí mo lọ síbẹ̀, ẹnu géètì ni Onípákó ti máa ń dá mi padà.

Oṣù karùn-ún ló tó rán iṣẹ́ sí mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kí n kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ ná, kí n gbé e síbi tí aráyé á ti kà á, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ wọn gbọ́ ju ara tiwọn lọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i kó wò ó.

Ó dá a padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fi bírò pupa máàkì rẹ̀ bí ìwé ọmọ kíláàsì kẹta. Ó tún àmì ọ̀rọ̀ ṣe, ó pa ibi tí mo ti ń yin ara mi rẹ́. Ní ibi tí mo ti sọ nípa ìgbẹ́ dúdú, mo ti kọ ọ́ pé, "Ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé nǹkan eléwu ni." Ó fi ìlà méjì fa ọ̀rọ̀ yẹn já, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ó wà lórí káàdì tuntun tí wọ́n fún èmi náà, lábẹ́ orúkọ mi gan-an. Ibi tí o gé nù nìyẹn." Kò kọ nǹkan mìíràn. Kò sọ bóyá òun ń bọ̀ wálé.

Òótọ́ ló sọ. Lábẹ́ orúkọ Bàbá Díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà pupa tẹ̀ ẹ́ pé bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí èèyàn bá bi ẹ̀jẹ̀, kó sáré wá sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Mo kà á kí n tó fa ọ̀bẹ wálẹ̀. Orúkọ àti ìkìlọ̀ jọ wà lójú kan, mo sì gé wọn pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí mo ṣe ń so okùn bàtà mi, mo rántí rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá rí i tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ẹ má bi ọkọ yín o. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.